Ẹ Bi Ẹnjiníà Léèrè: Tíránsísítọ̀ Ogún Péré Tó Ń Dá Kọ̀ǹpútà Lágara

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn wa n'Íkòròdú. Lóṣù tó kọjá mo kàn mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ áísì ánálọ́ọ̀gù fẹ́ẹ́rẹ́ (áísì ni sákíìtì tí wọ́n tò sórí sílíkọ́ọ̀nù kékeré kan), mo ní kọ̀ǹpútà ò tíì lè dá a yà bó ṣe ń ya ti díjítà, ni lẹ́tà bá ń rọ́ wọlé bí èrò ọkọ̀ ní Sábó lálẹ́ ọjọ́ Fúráìdé, àwọn kan tiẹ̀ wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù l'Ógólóńtò pé àwọn fẹ́ jiyàn. Mo mú márùn-ún nínú ẹ̀. Àkọ́kọ́ gùn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara dà á, ibẹ̀ ni gbogbo wàhálà ọ̀hún wà.

ÌBÉÈRÈ: Ẹnjiníà, ẹ kú iṣẹ́. Ínfátà àti sítébíláísà ni mò ń tún ṣe ní Sábó, ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá. Ọmọ iṣẹ́ mi kan tó ń lọ sílé ìwé sọ pé kọ̀ǹpútà ló ń ya áísì fóònù, pé tíránsísítọ̀, ẹ̀yà tíńtín tó ń darí iná nínú ẹ̀, lé ní bílíọ̀nù, kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ tò ó. Kò pẹ́ ló tún ní irú àwọn áísì kéékèèké bíi 741 àti 3524 tí à ń pààrọ̀ lójoojúmọ́, èèyàn ló ń jókòó yà wọ́n, àti pé títí dòní kọ̀ǹpútà ò tíì lè dá irú ẹ̀ ṣe kó dáa. Mo ní irọ́ ló ń pa. Ẹni tó lè kọ́ ilé alájà ogún, báwo ló ṣe máa ní òun ò lè kọ́ ṣáláńgá? Ẹ bá wa dá a. — Alátùn-únṣe, Sábó

ÌDÁHÙN: Ọ̀gá mi, ọmọ yẹn ò parọ́ o. Ẹ fún un lówó oúnjẹ lónìí, ẹ ti jẹ ẹ́ ní gbèsè.

Ẹ wò ó, díjítà, súwíìṣì iná ni. Ó tàn, ó kú, ó parí. Bí fólítéèjì ẹ̀ yẹ̀ díẹ̀ sókè tàbí sísàlẹ̀ kò sẹ́ni tó máa mọ̀, òdo á ṣì jẹ́ òdo, ení á ṣì jẹ́ ení. Ánálọ́ọ̀gù ní tiẹ̀, dùndún ni. Bí onílù bá fún ọsán yẹn díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ohùn ti yí, bí ohùn bá sì ti yí, ọkọ lè di ọkọ̀, ọkọ̀ lè di ọkọ́, ẹni tí wọ́n ń kì á wá máa wò bí ẹni tí wọ́n bú. Díẹ̀ yẹn gan-an ni iṣẹ́ ánálọ́ọ̀gù. Ohùn inú gbohùngbohùn, fólítéèjì bátìrì tí ínfátà yín ń ṣọ́, sígínà tí áńtẹ́nà fóònù ń gbọ́, kò sí ọ̀kan tó ń wá ní títàn àti kíkú nínú wọn.

Torí pé súwíìṣì lásán ni díjítà, wọ́n rí i sọ di búlọ́ọ̀kù. Ẹ rí àwọn tó ń gé búlọ́ọ̀kù lójú ọ̀nà Ìtóìkín, mọ́ọ̀dù kan náà, ìwọ̀n kan náà, birikilà tó bá gbé e ò ní kó sọ bí wọ́n ṣe po yẹ̀pẹ̀ ẹ̀ fún òun kí òun tó tò ó. Báyẹn náà ni wọ́n ṣe ní àwọn sákíìtì kéékèèké tí wọ́n ti yà sílẹ̀, gíga gbogbo wọn dọ́gba, ẹnjiníà á kàn kọ ohun tó fẹ́ kí áísì máa ṣe bí ẹni kọ̀wé, ní èdè bíi Verilog tó ti wà láti 1984, sọ́fúwíà á ka ìwé yẹn, á ṣa búlọ́ọ̀kù tó bá a mu, á tò wọ́n, á fa wáyà sáàárín wọn. Apple M1 tó jáde ní 2020, tíránsísítọ̀ bílíọ̀nù 16 ló wà nínú ẹ̀. Ká ní èèyàn fẹ́ fọwọ́ ya ọ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan, láìsùn láìjẹun, ó máa lé ní ọdún 500 kó tó parí. Nítorí náà kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ ṣe é ni, kò sí ọ̀nà míì.

Ó wá ku 741 tiyín, amplifáyà ni, ìyẹn áísì tó ń sọ sígínà kékeré di ńlá. Tíránsísítọ̀ inú ẹ̀ ò ju nǹkan bí ogún lọ. Ẹ tẹ́tí sí mi dáadáa níbí. Ẹ ti rí ibi tí wọ́n ti ń na kánópì ìnáwó rí, o fa okùn ọwọ́ ọ̀tún kó lè dúró ṣánṣán, òpó ọwọ́ òsì tẹ̀, o sáré lọ fa tòsì, tẹ̀yìn dẹ̀, o fa tẹ̀yìn tán, omi òjò àná tó ti dúró sórí ẹ̀ dà lé ẹ lórí. Amplifáyà ò yàtọ̀ síyẹn. O ní kí géènì ẹ̀, ìyẹn bó ṣe ń mú sígínà tóbi tó, pọ̀ sí i, kò yára mọ́. O ní kó yára, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ bátìrì. O dín kọ́rẹ́ńtì kù kí bátìrì lè pẹ́, ariwo dé, ó ń dún ṣáá bíi rédíò tí ò mú stéṣọ̀n. O tún ìyẹn ṣe tán, inú ẹ dùn, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í hu fúnra ẹ̀ bíi gbohùngbohùn tí wọ́n gbé sún mọ́ sípíkà jù ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sí èyí tó dá dúró nínú okùn wọ̀nyẹn, bí o bá sì fẹ́ sọ fún kọ̀ǹpútà pé kó bá ẹ nà á, o ní láti kọ́kọ́ sọ gbogbo okùn tó wà níbẹ̀ fún un, ká má tíì sọ ti òjò.

Èyí tó tún wá le ju ti kánópì lọ ni ọ̀rọ̀ ìbejì. Lẹ́nu àbáwọlé 741 yẹn, tíránsísítọ̀ méjì ló jókòó bíi Táíwò àti Kẹ́hìndé, iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa wo sígínà méjì tó ń wọlé kí wọ́n sọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn. Bí àwọn fúnra wọn ò bá dọ́gba, ìyàtọ̀ tiwọn ni wọ́n á máa sọ, kì í ṣe ti sígínà. Bẹ́ẹ̀ wọn ò lè dọ́gba tán, torí ojú sílíkọ́ọ̀nù ò rí bákan náà láti òpin kan dé èkejì, àti pé nínú áísì kan náà, tíránsísítọ̀ ńlá tó ń ti kọ́rẹ́ńtì jáde á máa gbóná, Táíwò tó sún mọ́ ọn á máa làágùn, Kẹ́hìndé á wà níbi tí atẹ́gùn wà. Ọgbọ́n tí àwọn àgbà iṣẹ́ dá sí i rèé: wọ́n gé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sí méjì, wọ́n tò wọ́n sórí ẹní kan, Táíwò, Kẹ́hìndé, Kẹ́hìndé, Táíwò. Bí ooru bá wá láti apá ọ̀tún, ìdajì Táíwò kan gbóná jù, ìdajì kejì ẹ̀ tutù jù, ìdajì Kẹ́hìndé méjèèjì wà láàárín, ẹ rò ó pọ̀, wọ́n dọ́gba. Ó tún kù o, torí kódà bí o bá tò wọ́n báyẹn, ìyàtọ̀ wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́ á ṣì wà tí ò lórí tí ò nídìí. Pelgrom àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní Philips kọ òfin ẹ̀ sílẹ̀ ní 1989: bí o bá fẹ́ kí ìyàtọ̀ náà dín kù sí ìdajì, àfi kí ààyè tí ìbejì ń gbà di ìlọ́po mẹ́rin. Ààyè lórí sílíkọ́ọ̀nù sì rèé, owó ni, ó wọ́n ju ilẹ̀ Lẹ́kí lọ.

Wáyà náà ò jókòó jẹ́jẹ́. Lójú wa wáyà kàn ń gbé iná kiri ni, ṣùgbọ́n nínú áísì, wáyà méjì tó bá rìn pẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn á máa gbọ́ ọ̀rọ̀ ara wọn, èyí tó bá sì gùn jù á máa fa sígínà sẹ́yìn. Amplifáyà tó ń kọrin geere lórí ìwé, ẹ ya wáyà sí i tán, ẹ tún un dán wò, ẹ máa bá a pé ohùn ti yí. Ẹni tó yà á á padà lọ tún ìwọ̀n tíránsísítọ̀ ṣe, á tún wáyà yà, á tún dán an wò. Mo mọ ẹni tó ṣe é nígbà méjìlélógún lórí sákíìtì kan ṣoṣo.

Nígbà tí Hans Camenzind ya 555 ní 1971, áísì tó ń ka àsìkò, tó ṣeé ṣe kó wà nínú dúrọ́ọ̀ yín báyìí, ọ̀bẹ ló fi gé àwòrán ẹ̀ lórí ọ̀rá pupa. Kò sẹ́ni tó ń lo ọ̀bẹ mọ́ lónìí, kọ̀ǹpútà ló ń gbé àwòrán dúró, òun ló ń bá wa yẹ̀ ẹ́ wò bóyá wáyà kan sún mọ́ èkejì jù, tàbí ohun tí a yà yàtọ̀ sí sákíìtì tí a ní lọ́kàn. Ìyẹn kọjá kèrémí o. Ṣùgbọ́n ìpinnu tó wà lẹ́yìn ẹ̀, pé ibí ni Táíwò máa sùn, pé wáyà yìí ò gbọdọ̀ gba orí ìyẹn kọjá, ọ̀pọ̀ ẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ èèyàn.

Ti ṣáláńgá yín wá ńkọ́? Ẹni tó kọ́ ilé alájà ogún rí i kọ́ torí búlọ́ọ̀kù ẹ̀ dọ́gba. Ṣáláńgá tiwa yìí, bíríkì kọ̀ọ̀kan ló ní ìwọ̀n tiẹ̀, èyí tó wà nísàlẹ̀ ń bínú bí èyí tó wà lókè bá gbóná.

ÌBÉÈRÈ: Bọ̀dá Ẹnjiníà, ẹ káàsán sà. Ọdún tó kẹ́yìn ni mo wà, ẹ̀kọ́ iná mànàmáná ni mò ń kọ́. Projẹ́ẹ̀tì tó wù mí ni sọ́fúwíà tó máa bá mi wá ìwọ̀n tíránsísítọ̀ amplifáyà, kí n kàn sọ pé géènì báyìí ni mo fẹ́, kó lọ wá a wá. Ẹni tó ń bójú tó projẹ́ẹ̀tì mi ní sọ́fúwíà iṣẹ́ yẹn wọ́n, pé kí n lọ ṣe iná tó ń tan ara ẹ̀ tílẹ̀ bá ti ṣú. Sà, ìdajì kíláàsì wa ló ń ṣe ìyẹn. Láptọ́ọ̀pù mi ò ju RAM 4GB lọ. Ṣé ó ṣeé ṣe? — Ọmọ Odògúnyàn

ÌDÁHÙN: Àbúrò, ó ṣeé ṣe, má sì jẹ́ kí RAM yẹn bà ẹ́ lẹ́rù rárá. SPICE tí gbogbo ayé fi ń dán sákíìtì wò, Laurence Nagel ló kọ ọ́ ní yunifásítì Berkeley ní California nígbà tó ń kàwé gboyè dókítà lábẹ́ Donald Pederson, 1973 ló jáde, kọ̀ǹpútà tó ń gba odindi yàrá ló fi ṣe é, láptọ́ọ̀pù ẹ fi jù ú lọ fíìfíì. Pederson ló tún ṣe wá lóore, ó ní kí wọ́n máa pín in fún ẹni tó bá fẹ́, ìdí nìyẹn tí ọmọ ẹ̀ tó ń jẹ́ ngspice fi jẹ́ ọ̀fẹ́ dòní. Xschem ni o máa fi ya sákíìtì, ọ̀fẹ́ ni. Magic àti KLayout wà fún yíya ojú sílíkọ́ọ̀nù, ọ̀fẹ́ náà ni. Ohun tó máa ń wọ́n tẹ́lẹ̀, tí wọ́n ń fi pamọ́ bí ẹni fi oògùn pamọ́, ni ìwé ìlànà ilé iṣẹ́ tó ń ṣe sílíkọ́ọ̀nù fúnra ẹ̀, ṣùgbọ́n ní 2020 Google àti SkyWater gbé ti 130 nánómítà síta, ẹnikẹ́ni lè gbé e. Sọ fún ọ̀gá ẹ pé dátà tí o máa fi dáńlóòdù ẹ̀ nìkan lowó tó máa jáde, sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ o, má lọ gbé e jà.

Ó kù bí o ṣe máa ṣe é. Má bẹ̀rẹ̀ látorí amplifáyà onípele méjì tó wà nínú ìwé yín. Nǹkan bíi mẹ́wàá ló wà níbẹ̀ tí o lè yí. Ká ní o fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n ogún péré láti yàn nínú ẹ̀, gbogbo ẹ̀ lápapọ̀ lé ní tírílíọ̀nù mẹ́wàá, bí ngspice bá sì ń gba ìṣẹ́jú àáyá kan lórí ọ̀kan, o máa parí projẹ́ẹ̀tì ẹ lẹ́yìn ọdún tó lé ní 320,000. Wọn á ti fún ẹ ní káríóvà. Oní tíránsísítọ̀ márùn-ún ni kí o mú. Méjì jẹ́ ìbejì, méjì lókè ń ṣe dígí fún ara wọn, kọ́rẹ́ńtì tó bá gba inú ọ̀kan ni èkejì ń ṣe àwòkọ ẹ̀, ọ̀kan nísàlẹ̀ ń fún wọn ní kọ́rẹ́ńtì, nǹkan tí o máa yí ò pọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, má jẹ́ kó máa méfò ìwọ̀n lásán. Ọgbọ́n kan wà tí Silveira, Flandre àti Jespers gbé jáde ní 1996, gm/ID ni wọ́n ń pè é, dípò kí o máa bi ara ẹ pé báwo ni tíránsísítọ̀ yìí ṣe máa fẹ̀ tó, béèrè pé kọ́rẹ́ńtì tí mo fún un yìí, iṣẹ́ mélòó ló ń bá mi ṣe lórí ẹ̀. O máa kọ́kọ́ dán tíránsísítọ̀ kan ṣoṣo wò ní oríṣiríṣi ọ̀nà, o tọ́jú èsì ẹ̀ sínú tébù, kọ̀ǹpútà á wá máa ṣa nínú tébù yẹn. Fún wíwá fúnra ẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ni ọgbọ́n alágbẹ̀dẹ tí Kirkpatrick, Gelatt àti Vecchi kọ nípa ẹ̀ ní 1983. O mọ bí alágbẹ̀dẹ ṣe máa ń fi irin sínú iná títí á fi pọ́n, tí á wá jẹ́ kó tutù díẹ̀díẹ̀ kó má baà gan? Níbẹ̀rẹ̀ kọ̀ǹpútà á máa fò kiri bó ṣe wù ú, á tiẹ̀ máa gba èyí tí ò dáa nígbà míì kó má baà há sínú kòtò kékeré kan, bó bá ṣe ń pẹ́ á máa fara balẹ̀. Bí o bá kọ ọ́ ní èdè kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ Python, kò ní ju ojú ìwé méjì lọ.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe irú nǹkan yìí, mo tan jẹnẹrétọ̀ mọ́jú, mo sùn sórí bẹ́ǹṣì, ẹ̀fọn jẹ mí tó. Láàárọ̀, amplifáyà kan ti wà lójú kọ̀ǹpútà tó dáa dé góńgó, géènì ẹ̀ ga, kọ́rẹ́ńtì tó ń jẹ ò tó nǹkan, mo pe ọ̀gá mi lórí fóònù, mò ń pariwo. Ó ní kí n fara balẹ̀. Ó ní, ìwọ̀n ooru mélòó lo fi dán an wò? Mo wo fáìlì, mi ò kọ nǹkan kan síbẹ̀. Bí o ò bá sọ nǹkan kan fún SPICE, 27 ló máa lò. Sẹ́ńtígíréèdì 27! Nínú kọ̀ntéènà tí mo ń lò ní ṣọ́ọ̀bù l'Ógólóńtò, aago mẹ́jọ àárọ̀ ló ti kọjá 27, ká má wá sọ inú àpótí ínfátà. Mo kọ 85 síbẹ̀, mo tún un ṣe, géènì já wálẹ̀ bí àgbọn, tíránsísítọ̀ kan ti kúrò pátápátá níbi tó yẹ kó dúró sí. Kọ̀ǹpútà ò ṣàìdáa o. Ó rí ihò tí mo fi sílẹ̀, ó gbabẹ̀ jáde. Mo dí ìyẹn, mo tún tan jẹnẹrétọ̀ mọ́jú, ní ọjọ́ kejì ó fún mi ní amplifáyà tí ò hu rárá ní ooru èyíkéyìí, kapásítọ̀ (ẹ̀yà tó ń tọ́jú iná díẹ̀) tó fi pa á lẹ́nu mọ́ wá tóbi ju gbogbo ìyókù pọ̀ lọ, torí mi ò sọ pé ilẹ̀ wọ́n.

Nítorí náà jókòó kí o tó kọ kóòdù, kọ gbogbo ohun tí o ò fẹ́ sílẹ̀. Ooru mẹ́ta, ká ní -40, 27 àti 125. Fólítéèjì mẹ́ta, 1.62, 1.8 àti 1.98, torí 1.8 ni ti sílíkọ́ọ̀nù yẹn. Ilé iṣẹ́ náà á fún ẹ ní oríṣi tíránsísítọ̀ márùn-ún, látorí èyí tó lọ́ra dé èyí tó yára jù. Ìgbà 45 nìyẹn fún ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan tí kọ̀ǹpútà bá dábàá. Bí ọ̀kan bá gba ìṣẹ́jú àáyá méjì, 200 àbá á gba wákàtí márùn-ún, wá iye pẹtiróòlù tíyẹn máa jẹ kí o fi sínú bọ́jẹ́ẹ̀tì. Jẹ́ kó máa dá èsì tọ́jú sínú fáìlì lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí iná má lọ mú gbogbo ẹ̀ lọ nígbà tó bá ku díẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹnjiníà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹja yíyan ni mò ń tà ní Ebúté. Ọmọ mi ọkùnrin wà ní Jámánì, ó ní iṣẹ́ yíya áísì lòun ń kọ́, pé òun ń to tíránsísítọ̀ lójú kọ̀ǹpútà. Ó pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá, ohùn ẹ̀ ò dùn, wọ́n ti sọ fún un pé kọ̀ǹpútà máa gba iṣẹ́ ọ̀hún ṣe láìpẹ́. Ilẹ̀ la tà ká tó rí i rán an lọ. Ṣé kí n ní kó máa bọ̀ ni, àbí kó lọ kọ́ nǹkan míì? — Ìyá Ẹlẹ́ja

ÌDÁHÙN: Màmá, ẹ kú àdúrótì ọmọ, ẹ máa jẹun ọmọ o. Ẹ má pè é padà.

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹja yín ṣàlàyé. Ká ní ẹnì kan gbé ẹ̀rọ wá sí Ebúté pé òun á máa yan ẹja láìsí ìyá ẹlẹ́ja. Ẹ̀yin á bi í pé, ṣé ó mọ̀ pé ẹja àrọ̀ ò gba iná kan náà pẹ̀lú ṣawá, pé igi tó tutù á mú kó dúdú kó sì korò, pé lásìkò òjò ẹ ní láti dá a padà sórí ààrò lẹ́ẹ̀kejì? Á ní kí ẹ sọ ọ́ fún òun kí òun kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tí wọ́n ṣe gan-an nìyẹn. Ní 1987 wọ́n kọ irú ẹ̀ kan ní Switzerland tó ń jẹ́ IDAC, ní 1989 àwọn ará yunifásítì Carnegie Mellon l'Ámẹ́ríkà kọ OASYS, wọ́n tọ́jú ọgbọ́n àwọn àgbà sínú sọ́fúwíà. Ó ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n kíkọ ọgbọ́n sákíìtì kan sílẹ̀ ń pẹ́ ju kí àgbà fúnra ẹ̀ jókòó ya sákíìtì náà lọ, nígbà tí wọ́n bá sì fi máa kọ ọ́ tán, irú sílíkọ́ọ̀nù míì ti dé, ààrò ti yí padà, ọ̀rọ̀ tún bẹ̀rẹ̀ láti orí.

Wọn ò jáwọ́ o, mi ò fẹ́ tàn yín. Nínú Carnegie Mellon yẹn náà ni ilé iṣẹ́ kan ti jáde, Neolinear, tí Cadence tó ń ta sọ́fúwíà yíya áísì fún gbogbo ayé rà ní 2004. Ní 2013 àwọn ará Berkeley gbé BAG jáde, ìyẹn ò tiẹ̀ ní kí kọ̀ǹpútà ronú, ó ní kí àgbà kọ bí òun ṣe ń yà á sínú kóòdù lẹ́ẹ̀kan, bí ìwọ̀n bá yí kí kóòdù tún un yà fúnra ẹ̀, lójú tèmi èyí ló bọ́gbọ́n mu jù nínú gbogbo wọn torí kò fojú di ẹni tó mọṣẹ́. Ní nǹkan bí 2018, DARPA tó ń náwó sí ìwádìí fún àwọn ológun Amẹ́ríkà ní àwọn fẹ́ kí ẹ̀rọ máa ya odindi áísì láàárín wákàtí 24 láìsí ọwọ́ èèyàn níbẹ̀. Inú owó yẹn ni ALIGN ti wá láti Minnesota, àti MAGICAL láti Texas, ọ̀fẹ́ sì ni méjèèjì, àwọn tó wà nídìí ẹ̀ lè fún un ní sákíìtì amplifáyà kó dá ojú sílíkọ́ọ̀nù ẹ̀ yà, á tiẹ̀ dá àwọn ìbejì mọ̀ fúnra ẹ̀. Àwọn iṣẹ́ kéékèèké tó ń rẹ èèyàn, ẹ̀rọ ti ń gbà á. Bí ọmọ yín bá jẹ́ ẹni tí wọ́n kàn ń sọ fún pé fa wáyà láti ibí dé ibẹ̀, ẹ̀rù tó ń bà á tọ́ sí i. Ẹ bi í bóyá ó mọ ìdí tí wáyà yẹn fi gba ibẹ̀, bó bá lè dáhùn yékéyéké, ẹ fọkàn balẹ̀. Kó fi Python kún un. Ẹ tún sọ fún un pé kó máa pè yín déédéé, kì í ṣe ìgbà tí ohùn ẹ̀ ò bá dùn nìkan.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé AI orí fóònù tó ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ yìí lè ya áísì fún mi? — Ọmọ Ìgbógbó

ÌDÁHÙN: Á yà á, á tún yìn ẹ́ pé ìbéèrè ẹ dáa. Mo ní kó kọ amplifáyà kan fún mi, ó kọ ọ́ geere, mo wá wò ó fínnífínní, ẹsẹ̀ tíránsísítọ̀ kan wà tí ò so mọ́ ibì kankan, bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ afẹ́fẹ́. Mo sọ fún un. Ó bẹ̀ mí, ó so ìyẹn, ó tú òmíì. Èyí tí Google gbé jáde nínú ìwé ìròyìn Nature ní 2021, tí ẹ̀rọ ń fúnra ẹ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń to áísì, ti díjítà nìyẹn, àwọn búlọ́ọ̀kù ńláńlá ló ń tò. Kóòdù Python fún projẹ́ẹ̀tì bíi ti ọmọ Odògúnyàn yẹn, AI lè bá ẹ kọ ọ́ dáadáa. Kí o ṣáà máa ka ohun tó kọ.

ÌBÉÈRÈ: Ẹnjiníà, lóṣù tó kọjá ẹ ní Bob Widlar ló ṣe 741. Ẹ lọ wò ó dáadáa. — Ògbólógbòó Alátùn-únṣe, Ìjẹ̀dè

ÌDÁHÙN: Mo ti wò ó, mo jẹ̀bi, ẹ má bínú. Widlar ló ṣe amplifáyà 702 ní 1964 àti 709 ní 1965, ní ilé iṣẹ́ Fairchild. Dave Fullagar ló ṣe 741 ní 1968, ní Fairchild yẹn náà, lẹ́yìn tí Widlar ti kúrò níbẹ̀, òun ló sì fi kapásítọ̀ píkófáráàdì 30 sínú áísì náà kí àwa má baà máa so ó síta fúnra wa bíi ti 709. Bàbá náà kọ ọ́ sísàlẹ̀ lẹ́tà wọn pé àwọn máa wá gba mínérà tútù kan lọ́wọ́ mi fún àṣìṣe yìí. Kí wọ́n máa bọ̀, mo ti rà á sílẹ̀. Ká ṣáà máa gbàdúrà kí iná wà lọ́jọ́ náà.